Orlando Martins, Ọmọ Èkó, àti Àwọn Ipa tí Ó Kó nínú Sinimá Òkèèrè

Ní ìparí ọdún ẹ̀kọ́ kan, àwọn ọmọ kíláàsì mi ní Ayégbajú-Èkìtì ń múra eré oníṣe kan sílẹ̀. Eré náà kò le. Ọba kan wà nínú rẹ̀, olorì, ọdẹ kan, àti babaláwo tí ọba ránṣẹ́ pè kí ó wá wádìí ohun tí ń pa àwọn ọmọ ìlú. Ọmọkùnrin tí a fún ní ipa babaláwo jáde sí iwájú wa, ó fi efun kun ojú, ó so ìyẹ́ adìẹ mọ́ orí, ara rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń bú ramúramù bí kìnnìún, ó sì ń yí ẹyinjú po. Gbogbo kíláàsì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Èmi kò rẹ́rìn-ín, nítorí pé mo mọ bàbá àgbà ọmọ náà. Babaláwo ni. Aṣọ funfun ni í máa ń wọ̀, ohùn rẹ̀ kì í ga ju ti ẹni tí ń bá ọmọ rẹ̀ sọ̀rọ̀ lọ, bí ó bá sì da ọ̀pẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ tán, a kọ́kọ́ dákẹ́ ná. Mo pe ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo bi í bóyá báyìí ni bàbá rẹ̀ àgbà ti ń ṣe nílé. Ó dáhùn pé, “Rárá o, sà. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ni wọ́n máa ń ṣe nínú fíìmù.”

Mo ro ọ̀rọ̀ yìí títí. Kò sí ẹni tí ó kọ́ ọmọ náà pé kí ó fi bàbá rẹ̀ àgbà ṣe ẹlẹ́yà. Àwòrán ni ó rí tí ó sì ń tẹ̀lé, àwòrán náà sì ti pẹ́ láyé ju àwọn fíìmù àgbéléwò wa lọ. Bí a bá tọ ipasẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn, yóò mú wa kọjá Ìbàdàn àti Èkó, yóò mú wa la òkun kọjá, a ó sì bá ara wa ní ilé-iṣẹ́ sinimá ní Ìlú Ọba ní nǹkan bí ọgọ́rin ọdún sẹ́yìn. Ẹni tí a ó bá níbẹ̀ tí ó gbé ẹ̀wù oníṣègùn búburú wọ̀, ọmọ Yorùbá ni. Orlando Martins ni orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ yẹ iṣẹ́ ọkùnrin yìí wò, nítorí pé àwọn tí ó bá tilẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ lónìí, ọ̀kan nínú ohun méjì ni wọ́n máa ń ṣe: àwọn kan a yìn ín pé ó gbé orúkọ wa dé òkèèrè, àwọn mìíràn a sì bú u pé ó fi wá ṣòwò. Lójú tèmi, àti ẹni tí ń yìn ín àti ẹni tí ń bú u kò tíì wo iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀.

Òṣèré alátìlẹ́yìn ni Martins. Ohun tí mo ní lọ́kàn ni òṣèré tí a kì í kọ orúkọ rẹ̀ gàdàgbà sí òkè ìwé ìpolówó, tí kì í fẹ́ olorì, tí ìtàn kì í dá lé lórí, ṣùgbọ́n tí ìtàn kò lè rìn bí kò bá sí níbẹ̀. Ojú rẹ̀ ni òǹwòran máa ń rántí nígbà tí ó bá ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ohun àjèjì sí wa. Nínú ẹgbẹ́ eégún alárìnjó, ẹni tí ń gbé eégún Tápà tàbí eégún Òyìnbó jáde lè máà jẹ́ olórí ẹgbẹ́, síbẹ̀ òun ni àwọn ọmọdé máa ń sín jẹ bí wọ́n bá délé. Eégún Òyìnbó a ní imú gígùn, a máa rìn gan-an bí igi, a máa na ọwọ́ kí a bọ̀ ọ́. Bí a ṣe rí àlejò nìyẹn, a sì fi í dá ara wa lára yá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni sinimá àwọn òyìnbó náà ní eégún tirẹ̀ tí ó fi ń ṣe àwọn ènìyàn dúdú. Ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ kan wà tí ó yẹ kí a kíyè sí gidigidi. A kò pe òyìnbó kankan rí pé kí ó wá gbé eégún Òyìnbó fún wa. Àwọn ní tiwọn pe ọmọ Áfíríkà, wọ́n fi owó lọ̀ ọ́, wọ́n sì ní kí ó gbé eégún ara rẹ̀. Ìṣòro gbogbo iṣẹ́ ayé Martins nìyí, kò sì sí bí a ṣe lè ṣe ìdájọ́ rẹ̀ láìrántí èyí.

A bí i ní Èkó ní ọjọ́ kẹjọ, oṣù Kejìlá, ọdún 1899. Ìdílé bàbá rẹ̀ ní gbòǹgbò ní ilẹ̀ Brazil, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ Àgùdà Èkó. Ní àkókò Ogun Àgbáyé Kìn-ín-ní ó ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ńlá tí à ń pè ní Mauretania, ó ń ko èédú sí iná ọkọ̀. Lẹ́yìn ogun, ó fi Lọ́ńdọ̀nù ṣe ibùgbé, kò sì sí iṣẹ́ tí kò ṣe tán níbẹ̀: ó ru ẹja ní ọjà Billingsgate, ó fi ejò dá àrà nínú ẹgbẹ́ eléré Sanger, ó ṣọ́dẹ òru, ó sì jà ìjàkadì fún owó. Orúkọ tí wọ́n fi ń polongo rẹ̀ nígbà tí ó ń jà ni Black Butcher Johnson. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wo orúkọ yẹn dáadáa. Kí ó tó sọ gbólóhùn kan nínú sinimá ni wọ́n ti gbé eégún lé e lórí, tí ọmọ Àgùdà láti Èkó ti di apẹran dúdú. Ara rẹ̀ tóbi, ohùn rẹ̀ sì wúwo bí ìyá-ìlù. Láti àwọn ọdún 1920 ni ó ti ń farahàn láàárín èrò nínú àwọn sinimá tí kò tíì ní ohùn, kò pẹ́ kò jìnnà, ó bọ́ sí orí ìtàgé pẹ̀lú.

Ní ọdún 1935 ó wà nínú Sanders of the River tí Zoltan Korda darí, sinimá tí ó fi ìjọba amúnisìn hàn bí bàbá rere tí ń tọ́ àwọn ọmọ aláìgbọ́n. Ipa kékeré ni tirẹ̀. Paul Robeson, ọmọ Amẹ́ríkà tí ó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn olú òṣèré rẹ̀, kábàámọ̀ fíìmù náà lẹ́yìn ọ̀la, ó sì ta á nù. Mi ò ní dúró lórí rẹ̀. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọdún kejì ni ó ṣe pàtàkì sí mi jù.

Ní oṣù Kẹta ọdún 1936, ní Westminster Theatre ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ṣe eré tí C. L. R. James, ọmọ Trinidad, kọ nípa Toussaint Louverture àti bí àwọn ẹrú Haiti ṣe gba ara wọn sílẹ̀. Robeson ni Toussaint. Robert Adams, ọmọ Guyana, ni Dessalines. Orlando Martins sì ni Boukman. Ta ni Boukman? Àwọn tí ó ka ìtàn Haiti mọ̀ ọ́n: aṣáájú àwọn ẹrú tí ó dìde ní ọdún 1791, tí ìtàn sọ pé ó jẹ́ àwòrò, tí ó pe àwọn ènìyàn rẹ̀ jọ sínú igbó ní òru, tí wọ́n bọ, tí wọ́n mulẹ̀, kí wọ́n tó ti iná bọ oko ìrèké. Àwọn òrìṣà àti vodun tí wọ́n ń bọ ní ilẹ̀ náà, a mọ púpọ̀ nínú wọn. Ògún wà lára wọn. Nítorí náà, àwòrò ni ipa tí Martins kó nínú eré yìí. Ṣùgbọ́n àwòrò tí ènìyàn dúdú kọ ni. Ìbọ rẹ̀ ní ìdí, ìbínú rẹ̀ ní orísun, àwọn tí ó ń bá sọ̀rọ̀ kì í ṣe òmùgọ̀. Ọjọ́ díẹ̀ péré ni wọ́n fi ṣe eré náà, kò sì sí ẹ̀rọ tí ó gbà á sílẹ̀. Mo máa ń dùn ún rò bí ohùn wúwo yẹn ṣe lè dún nínú òkùnkùn ilé eré, láti ẹnu ọmọ Èkó, níbi tí ó ti ń ké sí àwọn ẹrú pé kí wọ́n dìde. Èyí tí a kò lè rí mọ́ nìyẹn. Èyí tí a lè rí, tí ó wà nínú fíìmù títí di òní, ni Magole.

Ọdún mẹ́wàá ni ó wà láàárín àwọn méjèèjì. Men of Two Worlds jáde ní ọdún 1946. Thorold Dickinson ni ó darí rẹ̀, aláwọ̀ mèremère ni, ìjọba Ìlú Ọba sì lọ́wọ́ sí i. Ìtàn rẹ̀ ni ti Kisenga, ọmọ Tanganyika tí ó ti lo ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ní Lọ́ńdọ̀nù tí ó ń tẹ dùùrù fún àwọn òyìnbó, tí ó padà sí ìlú rẹ̀ láti ran ajẹ́lẹ̀ lọ́wọ́ kí wọ́n lè kó àwọn ènìyàn kúrò níbi tí eṣinṣin tsetse ti ń fi àrùn oorun pa wọ́n. Ẹni tí ó dènà wọn ni Magole, oníṣègùn ìlú. Magole sọ fún Kisenga pé yóò kú, ẹ̀rù ọ̀rọ̀ yìí sì dá Kisenga, ọ̀mọ̀wé, dùbúlẹ̀ títí ó fi kù díẹ̀ kí ó kú lóòótọ́. Robert Adams ni Kisenga, Orlando Martins ni Magole. Àwọn méjì kan náà tí wọ́n ti jọ dúró bí Dessalines àti Boukman ni wọ́n wá dojú kọ ara wọn yìí, tí ọ̀kan jẹ́ ọ̀làjú, tí èkejì jẹ́ òkùnkùn. Bóyá àwọn méjèèjì tilẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ láàárín ara wọn bí wọ́n ti ń dúró de iná ẹ̀rọ. Ó yẹ kí ó rí bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á sọ òtítọ́: iṣẹ́ tí Martins ṣe nínú fíìmù yìí dára. Kò bú ramúramù. Kò sáré kiri. Nígbà tí àwọn òyìnbó inú fíìmù náà ń sọ̀rọ̀ tí wọ́n ń ju apá, òun a dúró gbọningbọnin, a jẹ́ kí ojú rẹ̀ rọra lọ láti ara ẹnì kan sí ara ẹlòmíràn, bí ẹni tí ó mọ̀ pé àwọn àlejò wọ̀nyí yóò lọ, pé òun yóò kù. Ìgbà tí ó bá sọ̀rọ̀, ohùn náà ń ti ìsàlẹ̀ wá. Nínú gbogbo àwọn tí ó wà nínú fíìmù náà, òun nìkan ni ó jọ ẹni tí ó ní ilé. Ajẹ́lẹ̀ inú ìtàn ní àṣẹ, Kisenga ní ìmọ̀, ṣùgbọ́n Magole ni ó ní ìlú, Martins sì jẹ́ kí a rí i. Bí ó bá jẹ́ òṣèré tí kò mọ iṣẹ́ ni wọ́n gbé ipa yìí fún, ẹ̀fẹ̀ lásán ni ìbá jẹ́, a kì bá sì ti bẹ̀rù rẹ̀.

Níbí gan-an ni ìṣòro wà. Bí Martins ṣe ń ṣe é dáadáa tó, bẹ́ẹ̀ ni irọ́ inú ìwé eré náà ń di òtítọ́ lójú òǹwòran. Ìwé eré ti pinnu tẹ́lẹ̀ pé oníṣègùn Áfíríkà kò mọ ewé kan, kò mọ egbò kan, kò ní ìtàn, kò ní ìwà. Ẹ̀rù nìkan ni oògùn rẹ̀, agbára ni ó sì ń wá. Kò sí ibi kan nínú ìtàn náà tí Magole ti wo aláìsàn sàn. Kò sí ibi tí ó ti tu ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ nínú. Ọgbọ́n òṣèré lè fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní ìdúró àti ohùn, ṣùgbọ́n kò lè fún un ní ohun tí ẹni tí ó kọ ọ́ ti fi dù ú. Àwọn kan nínú wa a máa sọ pé òṣèré tí ó mọ iṣẹ́ lè yí ipa burúkú padà. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀ mọ́ láti ìgbà tí mo ti wo Magole. Ó lè mú un dùn ún wò. Ọ̀tọ̀ ni kí ó yí i padà.

A kò sì gbọdọ̀ rò pé ọgbọ́n ìgbẹ̀yìn ni a fi ń sọ èyí. Ẹgbẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, WASU, tí Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1925, ti fi ẹ̀hónú hàn sí ìjọba nípa ìwé eré náà kí fíìmù tó jáde rárá. Wọ́n rí i pé yóò ba àwọn ènìyàn dúdú lórúkọ jẹ́. Ìjọba gbọ́, ṣùgbọ́n fíìmù jáde. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín ni wọ́n, ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé yìí. Púpọ̀ nínú wọn ń kọ́ ìmọ̀ òfin àti ìmọ̀ ìṣègùn, wọ́n sì wá àyè láti ka ìwé eré sinimá kí wọ́n sì jà lé e lórí.

Bí ó bá jẹ́ pé Magole nìkan ni Martins ṣe, ǹ bá pa ìwé mi dé. Ṣùgbọ́n ó ṣe Blossom.

The Hasty Heart jẹ́ eré ìtàgé kí ó tó di sinimá ní ọdún 1949. John Patrick, ọmọ Amẹ́ríkà, ni ó kọ ọ́, Vincent Sherman sì ni ó darí sinimá rẹ̀. Ilé ìwòsàn àwọn ọmọ ogun ní Bóma ni ìtàn náà ti ṣẹlẹ̀, ní ọdún 1945. Àwọn tí ó fara gbọgbẹ́ láti orílẹ̀-èdè oríṣiríṣi ni wọ́n jọ dùbúlẹ̀ síbẹ̀: ọmọ Amẹ́ríkà kan, tí Ronald Reagan ṣe, ẹni tí ó di ààrẹ ilẹ̀ náà ní ọdún 1981, nọ́ọ̀sì kan, tí Patricia Neal ṣe, àti ọmọ Scotland kan tí ń jẹ́ Lachie, tí Richard Todd ṣe. Lachie kò mọ̀ pé òun yóò kú láìpẹ́, ṣùgbọ́n àwọn yòókù mọ̀. Blossom, ọmọ Áfíríkà kan ṣoṣo tí ó wà láàárín wọn, kò gbọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ara rẹ̀ nìkan ni ó lè pè.

Mo fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ eré oníṣe ro èyí wò dáadáa. Wọ́n fún òṣèré kan ní sinimá odidi, wọ́n sì fún un ní ọ̀rọ̀ kan. Ẹlòmíràn ìbá fi ẹ̀rín àti ìgbọ̀nrara kún àyè tí ó ṣófo náà. Martins kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi etí ṣe é. Bí àwọn yòókù bá ń sọ̀rọ̀, ẹ wo ojú rẹ̀: ó ń tẹ́tí sí ohùn wọn bí a ti ń tẹ́tí sí ìlù tí a kò mọ ohun tí ó ń wí, tí a sì fẹ́ mọ̀ bóyá ayọ̀ ni tàbí ìjà. Ó mọ ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ kí ẹni náà tó fi hàn. Ẹni tí ó bá ti gbé láàárín àwọn tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ rí yóò mọ̀ pé ẹni tí ó ṣe èyí ti mọ ohun tí ó ń ṣe nínú ara rẹ̀, ọmọ Èkó tí ó ti ru ẹja kiri Lọ́ńdọ̀nù.

Ìtàn náà sì wá padà já lé e léjìká. Lachie mọ̀ nígbẹ̀yìn pé òun yóò kú, ó wá rò pé àánú lásán ni gbogbo ìfẹ́ tí wọ́n ti ń fi hàn sí òun, ó sì kọ gbogbo wọn sílẹ̀. Blossom mú ìlẹ̀kẹ̀ tí ó fẹ́ fi ta á lọ́rẹ wá. Lachie kọ̀ ọ́. Ìgbà tí ọmọ Amẹ́ríkà jẹ́ kí ó yé e pé Blossom kò gbọ́ èdè, pé kò sí bí ó ti ṣe lè mọ̀ pé ikú dé, ni Lachie tó rí i pé ẹ̀bùn náà kò ní àánú nínú, ọ̀rẹ́ lásán ni. Gbogbo ọ̀rọ̀ tí àwọn òyìnbó ti sọ láti ìbẹ̀rẹ̀ kò lè ṣe ohun tí ìlẹ̀kẹ̀ ọkùnrin yìí ṣe. Ìdí rẹ̀ tí a fi gbà á gbọ́ ni pé Martins kò bẹ̀bẹ̀ lọ́wọ́ wa fún àánú kankan jálẹ̀ eré náà. Todd ni wọ́n dárúkọ fún ẹ̀bùn Oscar. Mi ò bá a jà; iṣẹ́ rẹ̀ dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fa Blossom yọ kúrò nínú rẹ̀, ìtàn náà yóò wó lulẹ̀.

Mo ní ẹjọ́ kan láti rò pẹ̀lú ẹni tí ó kọ ọ́ náà. Basuto ni ó pe Blossom, bẹ́ẹ̀ sì ni àwọn ọmọ ogun Áfíríkà tí ó jà ní igbó Bóma, ọmọ Ìwọ̀-Oòrùn àti Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ni wọ́n: àwọn ọ̀wọ́ ọmọ ogun Kọkànlélọ́gọ́rin àti Kejìlélọ́gọ́rin láti ọ̀dọ̀ tiwa, àti ìkọkànlá láti ọ̀dọ̀ àwọn aládùúgbò Tanganyika. Àwọn ọmọ Èkìtì wà nínú wọn. Nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀kan nínú irú wọn wà ní àdúgbò wa, kì í sọ̀rọ̀ ogun bí kò ṣe ìgbà tí òjò bá ń rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta, nítorí ó ní òjò Bóma kò mọ dídá. Nígbà tí mo kọ́kọ́ rí Blossom lórí ibùsùn rẹ̀, bàbá yìí ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Wọ́n tún fún Blossom ní orúkọ tí ìyá kankan kì í sọ ọmọ. Ní ọdún 1949 kan náà, ní Amẹ́ríkà, Juano Hernández, òṣèré tí a bí ní Puerto Rico, ṣe Lucas Beauchamp nínú Intruder in the Dust, àgbẹ̀ dúdú tí wọ́n fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn, tí kò tẹrí ba fún ẹnikẹ́ni. Hernández ní orúkọ, ó ní ilẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ tí ó lè sọ láti gbèjà ara rẹ̀. Òṣèré alátìlẹ́yìn ni òun náà ní ọ̀pọ̀ ọdún ayé rẹ̀. Mo máa ń ro ohun tí Martins ìbá fi irú àyè bẹ́ẹ̀ ṣe.

Àwọn ọdún 1950 kọjá lórí rẹ̀ báyìí: Where No Vultures Fly ní 1951, Simba ní 1955, Tarzan and the Lost Safari ní 1957, The Nun's Story ní 1959, níbi tí ó ti ṣe Kalulu, ọkùnrin tí ń bá àwọn obìnrin ajẹ́jẹ̀ẹ́ ìsìn ṣiṣẹ́ ní Kóńgò, pẹ̀lú Audrey Hepburn. Ọmọ Kenya lónìí, ọmọ Kóńgò lọ́la. Kalulu nìkan ni mo lè gbóríyìn fún nínú ìwọ̀nyí, nítorí ìwà pẹ̀lẹ́ tí ó fi ṣe é. Ìyókù, iṣẹ́ oúnjẹ ni.

Ó padà wá sí Èkó nígbẹ̀yìn. Ní ọdún 1970, nígbà tí ó ti di ẹni àádọ́rin ọdún, ilé-iṣẹ́ Calpenny ti Francis Ọládélé ṣe Kongi's Harvest láti inú eré Wọlé Ṣóyínká. Ossie Davis, òṣèré dúdú láti Amẹ́ríkà, ni ó darí rẹ̀, Ṣóyínká fúnra rẹ̀ sì ṣe Kongi. Martins ṣe Dókítà Gbénga. Fíìmù náà ní àléébù púpọ̀, inú Ṣóyínká pàápàá kò dùn sí bí ó ti rí nígbà tí ó jáde. Ṣùgbọ́n ọkùnrin tí ó ti jẹ́ Magole, tí ó ti jẹ́ Blossom àti Kalulu, wá jẹ́ Gbénga. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1985.

Ẹ jẹ́ kí á padà sí Èkìtì, nítorí ibẹ̀ ni ọmọ tí ó fi efun kun ojú wà. Ìfisìn-Èkìtì kò jìnnà sí wa. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ìdó-Ọ̀sì ni ó wà. Ibẹ̀ ni wọ́n bí Peter Fátómilọ́lá sí ní ọdún 1946, nínú ilé onífá. Ó wà lára ẹgbẹ́ Orí Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, níbi tí Ọlá Rótìmí ti ń darí eré, ó sì di ẹni tí gbogbo òǹwòran fíìmù Yorùbá mọ̀ gẹ́gẹ́ bí babaláwo. Nínú Ṣaworoidẹ, tí Túndé Kèlání darí ní ọdún 1999 láti ọwọ́ ìkọ̀wé Akínwùmí Ìṣọ̀lá, òun ni Amawomárò. Òun náà jẹ́ òṣèré alátìlẹ́yìn. Lápité ọba ni ìtàn dá lé lórí, ọba tí ó kọ̀ láti gba gbẹ́rẹ́ ìmùlẹ̀ pẹ̀lú ìlú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé Amawomárò sí ẹ̀gbẹ́ Magole. Àwọn méjèèjì mọ̀ ju ohun tí wọ́n ń sọ lọ. Àwọn méjèèjì ń dúró jẹ́ẹ́, wọ́n ń wo aláṣẹ lójú. Ọgbọ́n òṣèré kan náà ni. Ohun tí ó yàtọ̀ ni pé Ìṣọ̀lá fún Amawomárò ní ohun tí ó ń dáàbò bò. Ìmùlẹ̀ ni ó ń ṣọ́, láàárín ọba àti ìlú; bí ó bá sì dákẹ́, a mọ ohun tí ó dákẹ́ lé lórí. Fátómilọ́lá kò níláti ṣe bí ẹni tí ó mọ ẹsẹ Ifá. Ó mọ̀ ọ́n.

Mi ò ní parọ́ fún yín pé a ti bọ́. Amawomárò kò pọ̀. Nínú ọ̀pọ̀ fíìmù àgbéléwò wa, àwa fúnra wa ni a ń kọ Magole, tí a ń darí rẹ̀, tí a ń tà á lọ́jà: babaláwo tí ń rẹ́rìn-ín ẹ̀rù, tí egungun kún ojúbọ rẹ̀, tí kò wo ọmọ ẹnì kankan sàn rí, tí yóò ṣubú lulẹ̀ ní ìparí kí ìtàn lè tán. Kò sí ajẹ́lẹ̀ tí ó fi owó lọ̀ wá. Martins lè sọ pé kò sí iṣẹ́ mìíràn ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọkùnrin dúdú tí ó fẹ́ ṣe eré, kò sì ní parọ́. Mi ò mọ ohun tí àwa yóò sọ. Àwọn òṣèré tí ń ṣe ipa wọ̀nyí kò sì yẹ kí á bú, gẹ́gẹ́ bí n kò ti bú Martins. Ẹni tí ó kọ ìwé eré ni kí á kọ́kọ́ pè.

Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn, mo mú ẹ̀rọ wá sí kíláàsì, mo fi apá kan The Hasty Heart hàn wọ́n, ibi tí Blossom ti mú ìlẹ̀kẹ̀ wá. Èdè rẹ̀ kò yé púpọ̀ nínú wọn, èyí sì dára, nítorí pé ó sọ wọ́n di ẹlẹgbẹ́ Blossom. Wọ́n dákẹ́. Nígbà tí ó tán, ọmọbìnrin kan na ọwọ́ sókè, ó béèrè pé kí ni ọkùnrin náà ń jẹ́, nítorí ó ní Blossom kì í ṣe orúkọ ènìyàn. Mo mú ẹfun ìkọ̀wé, mo kọ ọ́ sí ojú pátákó fún wọn, wọ́n sì dà á kọ: Orlando Martins, ọmọ Èkó, 1899 sí 1985.